Ọfà Ẹlẹ́sẹ̀

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ kékeré tí kò tíì lè gbé garawa omi rù fúnra rẹ̀, abúlé kan là ń gbé láàrin Ayétòrò àti Joga-Orílé, àwa àti ọkùnrin kan tí mo kórìíra títí dòní. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹ má baà jókòó tì mí máa retí ìtàn dídùn. Ọkùnrin náà ti kú. Wọ́n ní a kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa. Èmi yóò sọ ọ́. Ó ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí, ó sì yẹ kí n máa fi "wọ́n" pè é gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Mi ò ní fi pè é. "Ó" ni màá máa pè é, ẹni tó bá dùn kó lọ fẹjọ́ mi sùn.

Bàbá mi kì í ṣe ọmọ abúlé yẹn. Òkè-Ògùn ni wọ́n ti wá, baálẹ̀ ló fún wọn nílẹ̀ létí odò kékeré kan, ọdọọdún la sì ń gbé iṣu àti epo lọ kí baálẹ̀ nítorí ilẹ̀ náà. Wọ́n ń dáko bí gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọfà ni gbogbo agbègbè fi mọ̀ wọ́n. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìbọn wà nígbà náà, mo mọ̀. Ẹ̀tù ìbọn ló wọ́n, àwọn aṣọ́bodè sì kún inú igbó wa. Bí ìbọn bá dún báyìí, wọ́n á yọ, wọ́n á ní kí lo rù, níbo lo ti ń bọ̀, wọ́n á gba ìbọn, wọ́n á gba ẹran pẹ̀lú. Ọfà kì í dún. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọdẹ fi ń ti Ìlaròó wá, tí wọ́n ń ti Ifọ̀nyìntẹ̀dó wá, láti ra ọfà lọ́wọ́ àjèjì tó ń gbé létí odò.

Ọfà tí bàbá mi ń ṣe, ó ní ẹsẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ò rí irú rẹ̀ rí, ẹ fara balẹ̀. Igi arère ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá rẹ̀, torí ó fúyẹ́, ó sì máa ń tọ́. Wọn kì í fi ayùn rẹ́ ẹ o. Wọ́n á là á ni, kí ó tẹ̀lé bí igi fúnra rẹ̀ ṣe dàgbà, wọ́n á fi há orí àjà ìdáná kí èéfín gbẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi ọ̀bẹ fá a, wọ́n á fi ewé ìpín họ ọ́ títí yóò fi máa yọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n arère kò lágbára. Bó bá fi lè kan òkúta, ọrùn ló ti máa ń kán, níbi tí irin ti wọ̀ ọ́. Nítorí náà ni bàbá mi ṣe máa ń gé orógbó, igi orógbó tó le bí nǹkan míì, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, wọ́n á la ẹnu rẹ̀ bí ẹnu ẹja, wọ́n á gbẹ́ orí arère di pẹlẹbẹ, wọ́n á wá ti arère bọ ẹnu orógbó. Orógbó yẹn lẹsẹ̀. Òun ni irin máa ń wọ̀, òun ló ń kan òkúta, tí ọ̀pá kò fi ní í ṣẹ́.

Àṣírí kan wà níbẹ̀. Arère gbọ́dọ̀ ti gbẹ pátápátá, orógbó gbọ́dọ̀ ṣì tutù díẹ̀. Bí orógbó bá wá ń gbẹ bọ̀, yóò máa sún mọ́ra, yóò fún arère pa mọ́ ẹnu, o ò ní lè fà á yọ mọ́ láéláé. Gbogbo ẹni tó bá lo méjèèjì ní gbígbẹ, ọfà rẹ̀ á já sọ́nà. Bàbá mi á wá fi oje igi tí wọ́n yọ́ lórí iná kùn ún, wọ́n á fi iṣan ìgalà wé ojú ibẹ̀ yípo yípo. Ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń pe ọfà náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyẹn. Ẹ mọ̀ pé àwọn ará òkè kan ò ní "ṣ" lẹ́nu. Bàbá mi á ní "isẹ́" dípò iṣẹ́, wọ́n á ní "sé o gbọ́?" Àwọn ọmọ abúlé a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀ títí mo fi ń sunkún. Ọkùnrin tí mò ń sọ yìí ló kọ́kọ́ sọ ọ́ lójú ọjà Ayétòrò pé, "Ẹ wá ra ọfà ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ́wọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀!" Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín. Inú ń bí mi títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, pé wọ́n rẹ́rìn-ín.

Èmi ni mo máa ń bá bàbá mi wé iṣan. Ọmọbìnrin ni mí, mo sì jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì. Ẹ̀yin tí ẹ ń bí ọmọ tí ń fi òsì kọ̀wé tí ẹ ń pàtẹ́wọ́ fún un, ẹ ò mọ ohun tí ojú wa rí. Ìyá mi a máa so àkísà mọ́ ọwọ́ yẹn tí a bá fẹ́ jẹun. Bí mo bá fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, igbájú ni. Inú ahéré tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ nìkan ni ọwọ́ òsì mi ti rí ìsinmi. Wọ́n á ní, "Igi ò mọ ọ̀tún, kò mọ òsì. Sá ti dì í kó dì." Iṣan tí wọ́n bá wé máa ń yí sí ọ̀tún, tèmi a máa yí sí òsì. Ẹni tí kò bá wò ó dáadáa kò lè mọ̀. Wọ́n kìlọ̀ fún mi kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, torí ọdẹ wo ni yóò ra ọfà tí ọmọdébìnrin fi ọwọ́ òsì dì? Mo gbọ́. Inú mi sì máa ń dùn tí mo bá rí ọdẹ tó gbé ọfà mi dání, tó ń yìn ín, tí kò mọ nǹkan kan.

Ọkùnrin yẹn náà ń ṣe ọfà. Pákó ni tiẹ̀, kò lẹ́sẹ̀, ṣíṣẹ́ ló ń ṣẹ́. Ó ní kẹ̀kẹ́, ó máa ń gba ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ lọ sí Ìdàhọ̀mì lódìkejì bodè, á kó aṣọ àti sadíìnì bọ̀, á máa kí gbogbo ènìyàn ní "bọnjú, bọnjú" bí ẹni pé òun ni ìjọba Faransé. Mọ̀lẹ́bí baálẹ̀ ni. Ó wá bá bàbá mi lọ́jọ́ kan pé kí wọ́n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ sí ọfà. Bàbá mi dá a lóhùn jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin nílẹ̀, èmi ò nílẹ̀. Isẹ́ yìí nìkan ni nǹkan tí mo ní." Ó kàn tutọ́ sílẹ̀, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó rí i pé àgbà kò ṣeé tàn, ó yà sọ́dọ̀ ọmọ. Òpònú ni mí, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Létí odò ló ti bá mi níbi tí mo ti ń fọ igbá. Ó gbé búrẹ́dì kan jáde, búrẹ́dì gígùn ti Ìdàhọ̀mì yẹn, tí ìta rẹ̀ máa ń le tí inú rẹ̀ sì rọ̀. Mi ò tíì jẹ irú rẹ̀ rí láyé mi. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, wọ́n ní o gbọ́n. Irọ́ ni, àbí? Ọmọbìnrin ò lè mọ iṣẹ́ ọkùnrin." Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ó ní irọ́ ni mò ń pa. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Mo sọ arère gbígbẹ fún un, mo sọ orógbó tútù fún un. Mo tún sáré lọ mú ọ̀kan wá nínú àwọn tí mo wé fúnra mi, mo ní kó wò ó, èmi ni mo ṣe é. Ó wò ó, wò ó. Ó ní kí n jẹ́ kí òun mú un lọ han ìyàwó òun. Mo ti ń jẹ búrẹ́dì nígbà yẹn, ẹnu mi kún, mo kàn mi orí ni.

Mo retí pé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ tà. Kò ṣe é. Oṣù kan kọjá, oṣù kejì kọjá. Mo rò pé ó ti gbàgbé, ọkàn mi balẹ̀. Mi ò mọ̀ pé kì í ṣe lára iṣẹ́ nìkan lojú rẹ̀ wà. Ojú rẹ̀ wà lára ilẹ̀ etí odò wa, kí bàbá mi kúrò níbẹ̀ kó lè máa dá ṣe ẹlẹ́sẹ̀ láìsí ẹni tí yóò sọ pé níbo lo ti rí i.

Nígbà tí Iléyá ku ọjọ́ díẹ̀, a gbọ́ igbe láàárọ̀ kùtù. Ọkùnrin yìí ti ra àgbò ńlá kan tí gbogbo abúlé ń lọ wò, oníwo róbótó, funfun báláú. Àgbò ọ̀hún ló nà gbalaja sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ọfà wà ní ikùn rẹ̀. Ìjà la fi jí ní abúlé lọ́jọ́ náà. Àgbò tí a kò dúńbú, òkú ẹran ni, ta ni yóò jẹ ẹ́? Ọkùnrin náà fa ọfà yọ, ó gbé e sókè, ó ń pariwo kiri pé kí ẹ wá wo ohun tí àjèjì tí a fún nílẹ̀ fi san án fún wa.

Iwájú ilé baálẹ̀ kún fọ́fọ́. Baálẹ̀ jókòó, olórí ọdẹ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ní kí bàbá mi kúnlẹ̀ síwájú. Baálẹ̀ ò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní ẹni tó bá pa àgbò Iléyá ọmọnìkejì rẹ̀, kò ní bá wa kí yídì lábúlé yìí, yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ síbi tó ti wá kí ọdún tó dé. Iṣu wa ṣì wà nínú ilẹ̀. Ìyá mi ṣì ń tọ́ àbúrò mi jòjòló lọ́wọ́. Ibo la fẹ́ lọ? Mo rántí pé mo di aṣọ ìyá mi mú, tí mo ń wo ẹnu bàbá mi.

Wọ́n gbé ọfà fún wọn. Baálẹ̀ bi wọ́n pé, "Ta ló ni ọfà yìí?" Bàbá mi yí i síbìí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún. Wọ́n dá ọwọ́ dúró. Mo rí wọn tí wọ́n gbójú sókè, tí wọ́n ń wá mi láàrin èrò, ojú wa sì ṣe mẹ́rin. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá dáhùn pé, "Ẹlẹ́sẹ̀ ni. Èmi ni."

Háà! Ó tán. Gbogbo abúlé ló mọ̀ pé bàbá mi ò ní "ṣ" lẹ́nu. Ohun tí gbogbo wọn gbọ́ ni pé, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni èmi. Ọkùnrin yẹn fò sókè, ó ń gbá itan rẹ̀ pé, "Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀! Mi ò purọ́ mọ́ ọn! Ó ní ẹlẹ́ṣẹ̀ lòun!" Àwọn ènìyàn ń hó yéè. Olórí ọdẹ ti ń na ọwọ́ pé kí wọ́n kó ọrun àti apó bàbá mi wá. Bàbá mi ń la ẹnu láti ṣàlàyé, kò sẹ́ni tó gbọ́.

Èmi tí mo wà níbẹ̀ mọ nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Iṣan ọfà yẹn yí sí òsì. Bàbá mi ti rí i. Wọ́n rí i pé ọwọ́ mi ni, wọ́n sì rò pé èmi ni mo mú ọrun ṣeré tí mo pa ẹran ẹlẹ́ran. Wọ́n wá dúró síwájú gbogbo ayé, wọ́n ní àwọn ni. Àwọn ni wọn yóò ru ẹrù, àwọn ni wọn yóò kúrò lórí ilẹ̀, kí ẹnì kan má fọwọ́ kan mi.

Mo já ara mi gbà lọ́wọ́ ìyá mi. Mo pariwo pé, "Èmi ni mo ṣe ọfà yẹn! Mo fún bàbá yìí létí odò, ó fún mi ní búrẹ́dì!" Ọkùnrin náà ní irọ́ ni, pé wọ́n ti kọ́ mi nílé, pé òun ò fún ọmọ ẹlòmíì ní búrẹ́dì rí. Kó tó sọ̀rọ̀ náà tán ni ìyàwó rẹ̀ kékeré ti gbẹ́nu lé e láti ẹ̀yìn, "Búrẹ́dì? Búrẹ́dì wo? Èyí tí o ní ó bà jẹ́ lọ́nà, tí o ní o dà á nù, tí àwọn ọmọ mi fi ń sunkún?" Ọlọ́run ló rán obìnrin yẹn. Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa àwọn èrò.

Olórí ọdẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n lọ mú igi àti iṣan wá nílé wa, kí n dì í lójú òun. Mo jókòó sílẹ̀, mo fi ọwọ́ òsì dì í, lójú gbogbo abúlé. Ìyá mi fi gèlè bojú. Mo ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ẹ wò ó, ọwọ́ òsì, ọmọbìnrin. Olórí ọdẹ gbé èyí tí mo dì sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà nínú àgbò, ó fa ọ̀kan tí bàbá mi dì yọ nínú apó, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: méjì yí sí òsì, ọ̀kan yí sí ọ̀tún. Ó dìde, ó lọ wo àgbò fúnra rẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó ní inú ẹran yẹn ti wú bí ìlù kó tó di pé wọ́n gún un, ẹ̀jẹ̀ kò sì jáde lójú ọgbẹ́. Àgbò ti jẹ àgbàdo yó jù, ó ti kú fúnra rẹ̀. Òkú ẹran ni ọkùnrin yìí fi ọfà bọ̀ lára.

Ẹ rò pé wọ́n lé e kúrò nílùú bí? Ta ló fẹ́ lé mọ̀lẹ́bí baálẹ̀? Wọ́n ní kó tọrọ gáfárà. Ó tọrọ gáfárà pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Wọ́n ní kí àwa gba ti Ọlọ́run, pé ọdún ti dé. Gbogbo ọdún tí a tún lò níbẹ̀, àràárọ̀ ló ń kọjá níwájú ilé wa lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, á ní "bọnjú", bàbá mi á sì dáhùn. Èmi ò dáhùn rí. Wọ́n nà mí nítorí rẹ̀, mi ò dáhùn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàbá mi ló dùn mí jù. Nígbà tí a dé ilé láti ọ̀dọ̀ baálẹ̀, wọ́n wọ inú ahéré, wọ́n mú ọ̀bẹ kékeré tí wọ́n rọ fún mi, wọ́n fi sínú àpò ara wọn. Wọ́n ní, "Àsé o ti tà mí tán kí n tó dúró fún ọ." Wọn ò lù mí. Ì bá sàn kí wọ́n lù mí. Láti ọjọ́ náà, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan igi mọ́. Mo gba ilé là fún wọn, mo gba ilẹ̀ là, wọn ò rí ìyẹn. Àbúrò mi ọkùnrin ni wọ́n kọ́ níṣẹ́ nígbà tó dàgbà, ẹni tí kò fẹ́ ẹ rárá, tó ń sùn nídìí rẹ̀. Ìgbà tó yá ó sá lọ wa mọ́tò. Bàbá mi kú, iṣẹ́ náà sì bá wọn lọ. Èmi tí mo fẹ́ ẹ, mo jókòó sílé ọkọ mò ń yan gààrì.

Ayé ti yí. Ọ̀kadà ló ń gba ojú ọ̀nà tí ọkùnrin yẹn fi kẹ̀kẹ́ gbà. Búrẹ́dì Ìdàhọ̀mì, ní gbogbo ọjà wa lẹ ti lè rà á, wọ́n ń tò ó bí igi ìdáná. Ta ló ń fi ọfà pa ẹran? Oko ẹ̀gẹ́ ti gba igbó, ẹran gan-an ò sí. Àwọn ọmọ-ọmọ mi méjì ń fi òsì jẹun níwájú mi, mi ò sì lè bá wọn wí.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀dọ́kùnrin kan wá bá mi. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Màmá, ẹ káàsán mà." Ó ń kàwé ní Ayétòrò, ó fẹ́ kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọfà ẹlẹ́sẹ̀ sílẹ̀ kó má baà parun. Mo bi í pé ọmọ ta ni. Ó dárúkọ bàbá rẹ̀, ó dárúkọ bàbá bàbá rẹ̀. Ọmọ-ọmọ ọkùnrin yẹn! Ó ní bàbá àgbà òun ló sọ kó tó kú pé èmi nìkan ni mo kù tó mọ̀ ọ́n, pé òun fúnra òun gbìyànjú rẹ̀ títí, kò ṣeé ṣe fún un. Mo dìde. Mi ò ní sọ gbogbo ohun tí mo sọ fún un fún yín, ẹ ṣì ń gbé pẹ̀lú ọmọdé. Mo ní bí wọ́n bá tilẹ̀ máa sin ín pẹ̀lú mi, iṣẹ́ bàbá mi kò ní dé ọwọ́ irú yín. Mo ní kó kúrò níwájú ilé mi. Ó tún dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n má bínú, ó lọ.

Ọmọ mi obìnrin bú mi. Ó ní, "Màmá, kí lọmọ ọlọ́mọ ṣe fún yín? Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ ṣì mọ̀ ọ́n ni?" Mo ní kí ló dé tí mi ò ní mọ̀ ọ́n? Mo rán an ní igi. Ó rí arère, ó rí orógbó lẹ́yìnkùlé ẹnì kan. Mo mú ọ̀bẹ, mo la ẹnu orógbó, ó pín sí méjì. Mo mú òmíràn, ó tún pín. Mi ò rí ojú igi dáadáa, mo sì ń wá ibi tó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀, mi ò rántí. Ẹ̀kẹta fọ́ pẹ̀lú. Ọmọ mi ń gbá àwọn èérún náà jọ. Mo jókòó síbẹ̀, mo bú ọkùnrin yẹn, mo bú bàbá mi pẹ̀lú, kí Ọlọ́run forí jì mí. Mo ti lé ọmọ ọlọ́mọ kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi nítorí nǹkan tí mi ò ní.